Ẹni Tó Ń Pọ̀n Mí Gun Àtẹ̀gùn

Tí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tó ti ń fá irùngbọ̀n, tó jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí ètè wọn ṣì ń dán, tí orúnkún rẹ̀ ń gbé tábìlì sókè nítorí pé àga kéré fún un, bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá jí gègé rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Kíláàsì ló ń gbé ẹjọ́ lọ. Ẹni tí ìdérí ìgò omi bá le jù fún, Bàbá Kíláàsì ló máa bá a ṣí i. Tíṣà tuntun kan ti kí i rí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," kó tó rí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Nítorí tèmi ló ṣe di Bàbá Kíláàsì. N kò sọ pé mo ṣẹ̀ ẹ́ o, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Àwọn àgbàlagbà ló jókòó tí wọ́n rò ó, tí wọ́n rò ó tì.

Ẹsẹ̀ mi kì í ṣiṣẹ́. Àìsàn kan ló mú un lọ nígbà tí mo ṣì ń mu ọmú. N kò mọ bí rírìn ṣe rí, nítorí náà ẹ má bá mi kẹ́dùn lórí ìyẹn. Nílé, ọwọ́ àti ìdí ni mo fi ń rìn, mo sì ń dé ibi gbogbo tó bá wù mí, títí kan ibi tí Màmá ń kó bisikíìtì pamọ́ sí. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wà nísàlẹ̀, àti yàrá àwọn tíṣà, àti láàbù tí a ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Gbogbo kíláàsì yòókù wà lókè. Tí a bá ti kọ́ iṣẹ́ kan tán, agogo á lù, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti lọ sí yàrá iṣẹ́ tó kàn, bí eèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí nínú ihò. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà.

Lọ́jọ́ tí Màmá mú mi lọ forúkọ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo àtẹ̀gùn, wọ́n tún wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá, ta ló máa máa gbé e?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí," Màmá ní. "Kíláàsì kẹta ló wà."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí agogo bá ti lù, bọ̀ọ̀dá mi á sáré láti kíláàsì tirẹ̀ wá sí tèmi, á pọ̀n mí, á gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, á sì tún sáré padà. Kó tó dé kíláàsì rẹ̀, tíṣà á ti ti ilẹ̀kùn. Á kúnlẹ̀ síta. Èmi náà ń pẹ́, nítorí pé àárín èrò ló ń là kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, ohun tí àwa méjèèjì kọ́ kò ju bí èèyàn ṣe ń bẹ tíṣà lọ.

Ni wọ́n bá pe ìpàdé sí ọ́fíìsì: ọ̀gá àgbà, tíṣà kíláàsì mi, àti Màmá. Bàbá mi ò sí nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà, ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ ọjọ́ wọn. Wọ́n gbé mi sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà ní àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, irú èyí tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni, ó máa gbà tó sáà kan sí méjì. Títí dìgbà náà, kí bọ̀ọ̀dá mi sọ̀kalẹ̀ wá sí kíláàsì mi. Kó jókòó tì mí. Yàrá tí mo bá ń lọ, ibẹ̀ lòun náà ń lọ, kò sẹ́ni tó máa pẹ́ mọ́. Kí wọ́n sì máa jẹ́ kí àwa méjèèjì jáde ṣáájú agogo, kí èrò má baà tẹ̀ wá pa lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá parí, kó ṣe ìdánwò kékeré kan, kó sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pe bọ̀ọ̀dá mi wọlé, wọ́n sọ fún un. Ó wo Màmá. Màmá ń wo ilẹ̀. Ó wá wò mí.

"Kò burú, sà," ó ní.

Inú gbogbo wọn dùn. Ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ àgbàlagbà lọ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ta ni kò ní fẹ́ kí bọ̀ọ̀dá òun jókòó ti òun ní kíláàsì?

Iṣẹ́ aránṣọ ni Màmá ń ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gé ṣòkòtò jíìnsì Bàbá kan tó ti gbó, wọ́n fi rán ohun ìpọ̀nmọ: okùn méjì léjìká, ìgbànú fífẹ̀ níbàdí, ihò méjì tí ẹsẹ̀ mi máa gbà jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ gba ojú rírán rẹ̀ léraléra.

"Màlúù ò lè já a," ni wọ́n wí.

"Ẹ ṣé, Màmá," bọ̀ọ̀dá mi dáhùn. "Màlúù náà ni mo fẹ́ẹ́ pọ̀n."

Àpò ló ń pè mí. "Àpò, ó yá." "Àpò, kí lo jẹ láàárọ̀, ṣé òkúta ni?" Màmá fẹ́ kí n máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnu mi wà létí rẹ̀, "o" ni mò ń lò. Kò rọrùn láti máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí òógùn ọrùn rẹ̀ ń kán sí ọ nímú.

Mo fẹ́ràn àkókò yẹn ju gbogbo àkókò yòókù lọ, mi ò ní purọ́. Tíṣà á fi orí ṣe àmì sí wa, bọ̀ọ̀dá mi á bẹ̀rẹ̀ níwájú àga mi, màá gùn ún, a ó sì jáde. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á pa rọ́rọ́. A ó máa gbọ́ ohùn àwọn tíṣà bí a ṣe ń kọjá, ọ̀kan ń pìtàn, ọ̀kan ń jágbe mọ́ ọmọ, ọ̀kan ń kọ nǹkan sójú pátákó láìsọ̀rọ̀. Àwa nìkan la ni ilé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Orí àtẹ̀gùn la ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin lòun fẹ́ máa wà. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ ojú irin. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju méjì lọ: kí èèyàn ti yege ìdánwò àṣekágbá girama, kó má sì tíì pé ọmọ ogún ọdún.

"Tí o bá ń wa ọkọ̀ ojú irin, ta ló máa máa pọ̀n mí?" mo bi í.

"O máa ti ní kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn. O máa máa sáré ju gbogbo wọn lọ."

"Ṣé o máa máa wá kí mi?"

"Mo máa fun fèrè ọkọ̀ tí mo bá ń kọjá. Ariwo rẹ̀ á pọ̀ débi pé o máa ní kí n má wá mọ́."

Ìṣirò rẹ̀ kò le, èmi tí mo ti ń gba òdo nínú ìṣirò gan-an mọ̀ ọ́n. Tó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, kò tíì ní pé ogún ọdún. Tó bá bá mi jáde, ó ti kọjá rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ: kí wọ́n kọ́ ọ̀nà yẹn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní kíláàsì tó ti sọ̀kalẹ̀ wá, ọmọkùnrin gíga kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ní àkókò ìsinmi, á kó ìwé rẹ̀ wá fún bọ̀ọ̀dá mi, bọ̀ọ̀dá mi á sì máa da ohun tí wọ́n kọ́ kọ. Tí àwọn ọmọ yòókù bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwa mẹ́ta la máa wà lábẹ́ igi, Agùntáṣọọ́lò ń ṣàlàyé lódìlódì, bọ̀ọ̀dá mi ń tún un ṣe fún un, èmi ń jẹ bisikíìtì wọn. Ohun tí bọ̀ọ̀dá mi ti mọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Ohun tí kò mọ̀, òun ló ń kọ́ ara rẹ̀.

Ní sáà kejì, ọkọ̀ kan wá da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Lọ́jọ́ yẹn, bọ̀ọ̀dá mi pọ̀n mí yí òkìtì yanrìn náà ká bí ẹni ń fi ilé tuntun han àlejò. Nígbà tó fi máa di sáà kẹta, àwọn ọmọ ti sọ ibẹ̀ di ojú ìjàkadì. Òjò gbá díẹ̀ lọ. Ọdún yípo, koríko hù lórí rẹ̀. Tí Màmá bá béèrè, ọ̀gá àgbà á ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ò gbàgbé." Wọ́n ń fi òní dónìí, wọ́n ń fi ọ̀la dọ́la, àwa sì ń dàgbà. Èmi náà ń wúwo sí i. Kò sẹ́ni tó ro ìyẹn mọ́ ọn nínú ìpàdé wọn. Wọ́n ní kó máa pọ̀n ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ náà kò sì dúró sí ọmọ ọdún méjìlá.

Nígbà tí àwa wọ kíláàsì kẹta, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìkarùn-ún, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní kó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, kó sì dúró síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ẹ má kọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn gbé kíláàsì wa wá sísàlẹ̀, kí yàrá àwọn tíṣà lọ sókè. Ẹsẹ̀ àwọn tíṣà ṣáà ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Wọ́n ní kò ní bójú mu kí àwọn òbí tó bá wá kí tíṣà máa gun òkè. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ń ráhùn ni?"

"Rárá, sà."

"O rí i? Ọmọ gidi ni. Ọlọ́run á san án fún un."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Lójú tiwọn, wọ́n ti kọ́ ọ̀nà náà tipẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, ó ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá sì bi í, á ní kò burú.

Mo bá pinnu pé màá gun àtẹ̀gùn náà fúnra mi. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti kọ́ ọ. Èèyàn á kọ ẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìpele tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ìdí lé e, á wá fa ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ń pẹ́, ó sì ń bó èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Tí mo bá lè dá gun òkè, kò sí ohun tó máa dá bọ̀ọ̀dá mi dúró mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, a wà ní láàbù. Tíṣà ti ṣe àmì sí wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí bọ̀ọ̀dá mi kọ́kọ́ bá àwọn kó àwọn ìgò padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, mo yọ́ jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo ti dé ìdajì nígbà tí agogo lù. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ya lù mí. Àwọn kan dúró wò mí, àwọn kan fò mí kọjá, ẹnì kan tẹ ìka mi. Mo ń bá a lọ. Síkẹ́ẹ̀tì mi ti ká sókè, n kò sì ní ọwọ́ tí mo máa fi fà á sílẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, tíṣà kíláàsì wa ló dúró lé mi lórí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Mo fẹ́ dá a gùn ni, mà."

Wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Bọ̀ọ̀dá mi ti ń sáré bọ̀, òun ni wọ́n ń wò. Lójú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti bú u, pé ó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ kó máa fi ìdí wọ́lẹ̀ láàárín èrò, pé ojú kò tì í, pé bó ṣe tó yìí. Wọ́n ní kó lọ gé gbogbo koríko ẹ̀yìn láàbù. Mò ń sọ pé èmi ni, pé èmi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀, ó fa síkẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀, ó pọ̀n mí dé kíláàsì, ó sì lọ gé koríko.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ègé koríko ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní.

"Mo fẹ́ kí o lè lọ ni."

"Mo mọ̀."

"Ó kù díẹ̀ kí n dé òkè."

"Mo mọ̀, Àpò. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò ẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ẹ́."

Mo sunkún sí i lọ́rùn. Èmi ò rí ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe ń ṣe tó bá ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò sì jọ ẹ̀rín. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe bàjẹ́ rí lọ, mi ò sì gun àtẹ̀gùn yẹn fúnra mi mọ́.

Ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Bọ̀ọ̀dá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ní àwọn ò gbàgbé àdéhùn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó padà, kódà wọ́n mọ̀ pé ó máa yege. Ṣùgbọ́n ta ló máa máa gbé àbúrò rẹ̀? Wọ́n ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ, ìyẹn ni àwọn máa ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọdún gorí ọdún, wọn ò kó búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, nígbà tó wá di ọjọ́ ìdájọ́, wọ́n gbé e lé Màmá mi lọ́wọ́.

Màmá pe àwa méjèèjì sí yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

"Ọkọ mi," wọ́n sọ fún bọ̀ọ̀dá mi, "tí o bá lọ, àbúrò rẹ máa jókòó sílé. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní jókòó sílé," mo ní.

"Ìwọ, dákẹ́." Wọ́n fọwọ́ bojú. "Mi ò lè yan ọ̀kan nínú yín. Ọlọ́run rí mi pé mi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ, ara rẹ dá, ọ̀nà rẹ pọ̀. Òun, ìwé nìkan ló ní."

Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn ègé aṣọ tó já bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì jáde. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ràn Màmá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀nà wo ló pọ̀? Ọ̀kan ṣoṣo ni bọ̀ọ̀dá mi fẹ́, irin ni wọ́n fi ṣe é, wọn kì í sì í gba ọmọ ogún ọdún síbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò, wọ́n lọ. Agùntáṣọọ́lò ló wá wọ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ojú irin. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀. Ẹnu bọ̀ọ̀dá mi ló ti gbọ́ ọ. Ó wá kí wa nígbà ìsinmi, ó de fìlà iṣẹ́, ojú sì ń tì í. Bọ̀ọ̀dá mi bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà láyé: báwo ni bíréèkì rẹ̀ ṣe ń ṣe, kí ni wọ́n ń wò tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá a léjìká. Lẹ́yìn tí Agùntáṣọọ́lò lọ tán, ó wẹ gbogbo abọ́ inú ilé, títí kan àwọn tó mọ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló pé ọmọ ogún ọdún.

Kò pẹ́ sígbà yẹn náà ni orúnkún alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀.

Òkè ni gbọ̀ngàn wa wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn, tíṣà méjì ló ń fa alága lọ́wọ́ gun òkè, ẹ̀kẹta ń tì wọ́n nídìí. Mo wò ó láti ẹ̀yìn bọ̀ọ̀dá mi, mo sì rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bíríkìlà dé. Sìmẹ́ǹtì dé. Wọ́n tu koríko kúrò lórí yanrìn, wọ́n pò ó. Kó tó di pé sáà parí, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti wà ní ìpẹ̀kun ilé, ó gùn, ó dán, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tún wá kẹ̀kẹ́ arọ kan fún mi. Kẹ̀kẹ́ náà dára, mo sì mọ̀ ọ́n wà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí mo bá ní inú mi ò dùn sí i, irọ́ ni mo pa. Bí inú mi ṣe dùn yẹn tún wá ń dùn mí.

Wọ́n ṣe ayẹyẹ ṣíṣí ọ̀nà náà. Ọ̀gá àgbà pe bọ̀ọ̀dá mi jáde, wọ́n yìn ín, wọ́n fún un ní agbòòrùn kan tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé. Wọ́n wá rántí ohun tí wọ́n sọ níjọ́sí.

"Bí a ṣe ṣàdéhùn," wọ́n ní, "láti òní lọ, ó lè padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mò ń wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wà ní kíláàsì lókè. Láàbù ló kàn. Nígbà tí àkókò tó, tíṣà fi orí ṣe àmì sí mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo yí kẹ̀kẹ́ mi padà. Bọ̀ọ̀dá mi dìde.

"Ìwọ ń lọ síbo?" tíṣà bi í.

Ó di tábìlì mú.

"Òun la gbà láyè kó jáde ṣáájú. Ìwọ, jókòó, kí agogo lù."

Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí Bàbá Kíláàsì, kò sí ìkà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó. Ó kó orúnkún rẹ̀ méjèèjì padà sábẹ́ tábìlì kékeré yẹn.

Mo jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tíṣà láti inú kíláàsì bí mo ṣe ń kọjá, n kò sì rí ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Mo di irin mú, mo gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sọ̀kalẹ̀. Mo dé iwájú láàbù, mo kọjú sí àtẹ̀gùn, mo sì ń dúró dè é. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbàgbé mi síbì kan.

Agogo lù. Wọ́n ya jáde. Láàárín wọn ni mo ti rí bọ̀ọ̀dá mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gbogbo ìgbà tó ti ń gba àtẹ̀gùn yẹn, mi ò rí i rí láti òkèèrè, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà. Àwọn yòókù nàró, wọ́n ń sáré. Òun tẹ ẹ̀yìn ba. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ìkan di ìkejì mú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó fara mọ́ ògiri, ó sì ń yẹra fún àwọn tó ń sáré kọjá, kí wọ́n má baà gbá ẹni tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ó rìn bẹ́ẹ̀ kọjá gbogbo iwájú ilé náà, títí ó fi dé iwájú mi.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "nàró."

Ó wò mí, ó wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Mo nàró," ó ní.